Bí Ọdẹ́wùmí Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Jẹjẹrẹ Nínú Igbó Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, kí ẹni tí yóò wúkọ́ wú u tán nísinsìnyí, kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mu omi, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í dúró de ẹni tí ó bá dìde kúrò nídìí rẹ̀. Èmi Láníhun ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró, tí ẹfọ̀n náà rò ó títí, tí ó sì yà fún mi. Ṣùgbọ́n ìtàn ti òní kì í ṣe tèmi. Bí mo bá dáwọ́ lé tèmi, àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà ní ìjókòó yìí yóò hu ewú kí n tó dé ìdajì. Ìtàn Ọdẹ́wùmí aya mi ni, obìnrin kan ṣoṣo tí ó ń gbé ìbọn láàárín àwa ọdẹ Òkè-Ìmùlẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé ta ni ó mọ ọdẹ ṣe jù nínú àwa méjèèjì. Èsì kan náà ni mo ń fọ̀ fún wọn: èmi ni mo ga jù.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, àrùn kan wọ ìlú wa, inú ọmú àwọn obìnrin ni ó sì ń gbé. Jẹjẹrẹ ni orúkọ rẹ̀. Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í mú ibà wá, kì í sì í tètè ta ni lára. Obìnrin yóò máa lọ sí oko, yóò máa gún iyán, yóò máa bá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì kan kókó líle lábẹ́ awọ, Jẹjẹrẹ ti kọ́lé, ó ti la fèrèsé, ó ti rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí egungun àti ẹ̀dọ̀. Ìyá tí ó bí Ọdẹ́wùmí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kú sí.

Dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn wa nígbà náà, Adéṣígbìn ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdẹ́wùmí lọ bá a, ó bi í léèrè ìdí tí àwọn obìnrin fi ń kú. Dókítà sọ fún un pé bí òun bá rí Jẹjẹrẹ nígbà tí ó ṣì kéré, òun lè gé e kúrò, kí obìnrin náà sì wà láàyè títí yóò fi di arúgbó. Ó ní gbogbo àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ òun, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú bá wọn ni wọ́n ń wá.

“Mo ní ọ̀bẹ,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n n kò ní ojú. Ẹni tí yóò fi í hàn mí kí ó tó ràn ni mo ń wá.”

Ọdẹ́wùmí padà sílé, ó bá àbúrò rẹ̀ Mọ́nisọ́lá ní ẹ̀yìnkùlé tí ó ń fọ́ ẹ̀gúsí. Ọmọ jòjòló kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmú rẹ̀ wúwo fún wàrà, kò sì sí ọwọ́ ẹ̀dá tí ó lè mọ ohun tí ó wà nínú irú ọmú bẹ́ẹ̀. Ó fọ́ ẹ̀gúsí díẹ̀, ó dúró, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni ó kàn?”

Ọdẹ́wùmí yí padà. Ó wọlé, ó gbé ìbọn, ó so àdá mọ́ ìbàdí. Nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí ó ń lọ, ó ní ọdẹ kì í dúró kí ẹkùn bu òun jẹ kí ó tó mọ̀ pé ẹkùn wà nínú igbó. Ipasẹ̀ ni ọdẹ ń wò, koríko tí ó tẹ̀ ni ọdẹ ń wò, ìgbẹ́ ẹranko ni ọdẹ ń wò. Ó ní ohunkóhun tí ó bá ń gbé inú ara, dandan ni kí ó jẹ́ kí nǹkan jábọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí kò sí ilé tí ẹ̀jẹ̀ kì í kọjá lójúde rẹ̀. Igbó Ẹ̀jẹ̀ ni òun ń lọ, níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ènìyàn ti ń ṣàn pa pọ̀. Mo ní kí n bá a lọ. Ó ní ta ni yóò máa bọ́ ewúrẹ́? Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí ẹfọ̀n yà fún, ewúrẹ́ ni mo dúró bọ́.

Ó rìn títí ó fi kan igbó náà. Àwọn igi ibẹ̀ pupa láti gbòǹgbò dé orí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tuntun. Ògiri kan ni ó dí ọ̀nà, ó rọ̀ bí awọ, kò sì ní ilẹ̀kùn. Ọdẹ́wùmí yọ àdá, ó là á. Kò tí ì fa àdá náà jáde tán tí àwọn iwin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ fi yọ láti inú igbó, funfun bí òwú. Wọ́n dì mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń hun ara wọn bí àwọ̀n lára rẹ̀. Ó gé ọ̀kan, ogún rọ́pò rẹ̀. Bí ó ti ń jà ni wọ́n ń fún un, títí èémí kò fi fẹ́ gba imú rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́wùmí ti rántí pé gbogbo ohun tí ó ń fún ni lọ́rùn ni ó ní ohun tí ó ń ṣọ́. Ó sọ àdá sílẹ̀, ó dẹ ara, ó sì bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí òun ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ni Adọ́gbẹ́, àwọn tí ń dí ojú ọgbẹ́. Ibikíbi tí a bá ti la ara ni àwọn ń sáré dé, àwọn kì í sì í béèrè ẹni tí ó là á. Ó tọrọ àforíjì, ó fi àdá sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi ọ̀nà tí kò nílò àdá hàn án. Ìbọn nìkan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ nígbà náà pé ìbọn pàápàá kò ní ṣe é ní oore.

Ní ẹnu ọ̀nà yẹn ni oníbodè kan jókòó sí, tí etí rẹ̀ wà lórí orúnkún. Bí ó bá fẹ́ gbọ́rọ̀, yóò ká ẹsẹ̀ sókè. Ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó ní kò sí ẹni tí ń kọjá láì dáhùn àlọ́ òun, àti pé ẹni tí ó bá ṣì í nígbà mẹ́ta yóò di òkúta lójú ọ̀nà. Òkúta pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn ṣì gbé ìbọn lé èjìká.

“Olè kan wọ ilé,” ni oníbodè wí, “ajá kò gbó. Ó jẹ nínú oúnjẹ ilé, ìyálé kò bínú. Ó kọ́ yàrá kún yàrá, baálé kò bi í léèrè. Irú olè wo nìyẹn?”

Ọdẹ́wùmí ní iwin ni. Oníbodè mi orí. Ó ní àjẹ́ ni. Oníbodè tún mi orí, ẹsẹ̀ Ọdẹ́wùmí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù bí àpáta. Ó jókòó sílẹ̀, ó ronú. Ajá ń gbó iwin, ajá ń gbó àjẹ́. Ta ni ajá kì í gbó? Ó rántí ilé baba rẹ̀, ó rántí àwọn tí ń wọlé tí ń jáde láì kágò. Ó gbé ojú sókè.

“Kì í ṣe olè,” ni ó wí. “Ọmọ ilé ni.”

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí etí orúnkún rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó sọ fún un pé àwọn akọni tí ó di òkúta, àlejò ni gbogbo wọn ń wá. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Ọmọ inú ọmú gan-an ni, tí a sọ fún pé dídàgbà rẹ̀ tó, tí ó kọ̀, tí ó ń bí ara rẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun inú ara fi ń kí i, tí wọ́n ń kọjá lọ. “Má ṣe wá ẹsẹ̀ àjèjì,” ni ó wí. “Wá ibi tí àwọn ará ilé ti ń rìn ségesège.”

Bí Ọdẹ́wùmí ṣe wọ Ìlú Amúaradàgbà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ìwé, ẹ ti gbọ́ nípa èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹyin. Ohun tí olùkọ́ yín kò sọ fún yín ni pé ìlú ni wọ́n, ìlú náà kò sì ní ọ̀lẹ. Àwọn kan ń ru èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Àwọn kan ń jagun, àwọn kan ń jíṣẹ́, àwọn kan ń tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí eéṣú bá bo oko, a lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe é díwọ̀n. Àwọn òmìrán kan sì wà láàárín wọn tí à ń pè ní Agbódegba, wọ́n sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn nìkan ni ojú ń rí. Ẹni kékeré tí ó mọ àṣírí lè kọjá lẹ́yìn wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ènìyàn má mọ̀.

Ọdẹ́wùmí wò ó, orí rẹ̀ yí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ tí baba rẹ̀ tún ń pẹja kì í sọ̀rètí nù. Ó já imọ̀ ọ̀pẹ, ó hun ìgèrè ìpẹja ńlá kan dí ojú ọ̀nà, ó sì ṣe ẹnu rẹ̀ ní tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Agbódegba kò fi lè wọ̀ ọ́. Wọ́n kóra jọ sẹ́yìn, wọ́n ń bínú, wọ́n ń bú u. Àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lódì kejì, Ọdẹ́wùmí sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Jẹjẹrẹ.

Ọ̀kan fò jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná. Ariwo-Ọgbẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó búra pé kò sí ọmú tí Jẹjẹrẹ wọ̀ tí òun kò sí níbẹ̀. Ọdẹ́wùmí lọ wo ọmú kan tí Jẹjẹrẹ wà, ó bá Ariwo-Ọgbẹ́ níbẹ̀. Ó lọ wo òmíràn, ó tún bá a níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé e lé èjìká, ó sì dorí kọ ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó sọ Ariwo-Ọgbẹ́ kalẹ̀, ó ní kí ó máa lọ sí ibi tí ó bá wù ú, òun yóò tẹ̀ lé e. Ariwo-Ọgbẹ́ wọ ara ọkùnrin kan tí eéwo mú. Ó wọ ara ọmọ tí eyín ń ro. Ó wọ ara ìyá arúgbó kan tí ibà ń ṣe. Ọdẹ́wùmí bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀, ó ní ibikíbi tí ara bá ti gbóná ni wọ́n ń pe òun.

Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó bá ń jẹ́rìí ní gbogbo ẹjọ́, kò jẹ́rìí ní ẹjọ́ kankan. Ọdẹ́wùmí rò ó bí dókítà ì bá ti gbé ọ̀bẹ lé àwọn obìnrin tí ara wọn le, tí ó jẹ́ pé eéwo lásán ni ó wà lára wọn. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi, ẹ má sọ fún un pé mo sọ fún yín.

Láti ìgbà náà ni ó ti yí ìṣe padà. Kì í wo ibi tí Jẹjẹrẹ wà nìkan mọ́. Ó ń wo ibi tí kò sí pẹ̀lú. Ó wo ọmú ọ̀dọ́mọbìnrin, ó wo ti arúgbó, ó wo ti aboyún àti ti abiyamọ, ti aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò wálé. Àwọn kan ní Òkè-Ìmùlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní kí n wá aya mìíràn. Mo ní ẹni tí ó bá fẹ́ kí n fẹ́ aya mìíràn kí ó dúró kí Ọdẹ́wùmí bá a níbí. Kò sí ẹni tí ó dúró.

Lẹ́yìn sùúrù tí ó pọ̀, ó rí mẹ́ta nínú àwọn kéékèèké ìlú náà. Èkíní ni Aṣìnà. Inú ọmú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò ní ohun tí í ṣe lójú títì ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n bí Jẹjẹrẹ bá ti ń wó ògiri, a máa jábọ́ síta. Èkejì ni Apọ̀síi, tí ó máa ń jẹ́ ìwọ̀nba, tí Jẹjẹrẹ sì máa ń sọ di púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni Àwátì, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹni tí ń kọrin ní gbogbo ọ̀nà. Níbi tí Jẹjẹrẹ bá dé, orin rẹ̀ a máa dákẹ́. Olúkúlùkù wọn lè ṣi ni lọ́nà. Aṣìnà a máa jábọ́ lára abiyamọ, Apọ̀síi a máa pọ̀ lára aboyún, orin Àwátì a sì máa rẹlẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ti lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí Aṣìnà bá wà níta, tí Apọ̀síi pọ̀ jù, tí Àwátì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, Ọdẹ́wùmí kò tíì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ó má bá Jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ó bẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n bá òun wálé. Wọ́n gbà, nítorí ó ti sú àwọn náà láti máa rí aburú kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n.

Wọn kò tí ì jáde nínú igbó tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi dá wọn lọ́nà. Ó rẹwà, ara rẹ̀ ń dán, òórùn wàrà ìyá ọmọ sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Ó kí Ọdẹ́wùmí bí ọmọ tí ń kí ìyá rẹ̀. Ọdẹ́wùmí mọ̀ ọ́n kí ó tó dárúkọ.

“Fi àwọn mẹ́ta yìí sílẹ̀ níbí,” ni Jẹjẹrẹ wí, “n kò ní fọwọ́ kan Mọ́nisọ́lá láé. N kò ní fọwọ́ kan ọmọbìnrin kankan ní ilé yín, àti ọmọ ọmọ wọn. Àwọn obìnrin ìyókù ni kí o fi sílẹ̀ fún mi.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ bi ara yín ní ohun tí ẹ ì bá sọ. Ọdẹ́wùmí bojú wo àwọn mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Àwọn obìnrin ìyókù ni ó wẹ òkú ìyá mi,” ni ó dáhùn. “Àwọn ni ó dì mí mú kí n má bàa bọ́ sínú kòtò. Ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?”

Jẹjẹrẹ kò tún sọ̀rọ̀. Ó pín sí méjì, méjì pín sí mẹ́rin, ó ń pọ̀ bí èéhù tí ó bọ́ sí àkìtàn, títí ó fi dí gbogbo ọ̀nà. Ọdẹ́wùmí yìnbọn. Ibi tí ọta bá ti ya á ni òmíràn ti ń hù. Àwọn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ tò lọ lẹ́bàá ibẹ̀, wọ́n kí Jẹjẹrẹ bí ará ilé, wọ́n ń kọjá lọ. Ọdẹ́wùmí ju ìbọn nù, ó sì ké sí àwọn mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́rìí. Aṣìnà bọ́ sí gbangba. Apọ̀síi kún ojú ọ̀nà. Àwátì pa ẹnu dé, kẹ́kẹ́ sì pa mọ́ gbogbo igbó náà lẹ́nu. Àwọn ọmọ ogun dúró. Wọ́n yíjú padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rí ọmọ ilé tí ó ti di ọ̀tá, wọ́n sì ṣùrù bò ó. Bí ó ti ń pín ni wọ́n ń gbé e mì, títí èyí tí ó kù nínú rẹ̀ fi ki eré mọ́lẹ̀, tí kò tóbi ju ọmọ eku lọ. Ọdẹ́wùmí rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé oníbodè gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì dìde kí i.

Nígbà tí ó dé Òkè-Ìmùlẹ̀, a yìnbọn títí ètù fi tán. Ṣùgbọ́n Dókítà Adéṣígbìn kò yìnbọn. Ó ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n inú dídùn kọ́ ni a fi ń gbé ọ̀bẹ lé ọmú obìnrin. Ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó mọ̀ pé Jẹjẹrẹ wà lára wọn, ó gba ti àwọn tí kò sí lára wọn, ó gba ti ẹni tí eéwo mú, ti aboyún, ti abiyamọ àti ti arúgbó. Ó rọ wọ́n sínú ìgò tí ó jọra, ó da ètò àwọn ìgò náà rú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ọdẹ́wùmí, èyí tí ó jẹ́ ti ta ni. Àwọn mẹ́ta náà wọ inú ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jẹ́rìí. Àwọn abiyamọ yege, àwọn aboyún yege, eéwo kò tan wọ́n jẹ. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì, tí wọ́n ní ara rẹ̀ dá, tí kò dá. Ọdẹ́wùmí bojú jẹ́ nítorí ẹnì kan yẹn. Dókítà sọ fún un pé kò sí ọdẹ tí ọta rẹ̀ kì í tàsé rí, nítorí náà àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yóò máa bá ọwọ́ òun àti ẹ̀rọ òun ṣiṣẹ́, wọn kò ní gba ipò wọn. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni Mọ́nisọ́lá na apá rẹ̀ pé kí wọ́n gba tòun náà. Wọ́n gbà á. Aṣìnà jáde, a ní abiyamọ ni, kò burú. Apọ̀síi pọ̀ jù. A tẹ́tí, a ń retí orin Àwátì. A kò gbọ́ nǹkan kan. Dókítà fọwọ́ wo ọmú náà, kò rí nǹkan. Ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ó wò ó pẹ́, ó sì rí kókó kan nísàlẹ̀ pátápátá, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Mọ́nisọ́lá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ìyá wa kò rí ọjọ́ báyìí,” ni ó wí. “Ẹ gbé ọmọ, kí wọ́n gé kókó náà.”

Wọ́n gé e, kò sì tí ì ràn. Nígbà tí Mọ́nisọ́lá jáde ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àwọn obìnrin ìlú ti tò sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ́ àti àgbà, gbogbo wọn ti ká apá aṣọ sókè, kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Èmi tí mo ti rí ogun, tí mo ti rí ọdún, n kò rí ìlà tí ó wù mí bí èyí rí. Jẹjẹrẹ ṣì ń wá sí Òkè-Ìmùlẹ̀, n kò ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n kékeré ni à ń bá a, kékeré ni a sì ń fà á tu.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó tán. Ẹ yíjú díẹ̀ sí ọ̀tún. Ìyá àgbà tí ó jókòó lórí àpótí, tí ó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ẹfọ̀n, òun ni Mọ́nisọ́lá. Ọmọ tí ó tú lẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni ó bí ìyá ọmọ tí ń sùn lórí itan rẹ̀ yìí. Ẹ rọra dìde, kí ẹ má bàa jí i.